Ibo la ó sùn lójú ọ̀nà Santiago nígbà tí èrò bá pọ̀? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ẹgbẹ́ Sùúrùlérè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àwa obìnrin mẹ́fà nínú ìjọ Àgùdà kan ní Sùúrùlérè ti fohùn ṣọ̀kan pé a ó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Jákọ́bù Mímọ́, ọ̀nà ìrìnàjò mímọ́ ní Sípéènì, lọ́dún 2027, láti ìlú Sarria títí dé Santiago de Compostela. Ọdún Mímọ́ ni 2027, torí pé 25 oṣù Keje, tó jẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún Jákọ́bù Mímọ́, bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Irú ẹ̀ kò tíì tún wáyé láti 2021. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé ká wọ Santiago lọ́jọ́ náà gan-an.

Ibi tá a máa sùn ló ń kó ìdààmú bá wa. Ẹni tá a bá bi, ó ní ibi gbogbo á ti kún. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ti lé ní 65, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè gun bẹ́ẹ̀dì alájà méjì. Ṣé ká ti gba gbogbo yàrá láti Èkó ni, àbí ká máa wá a níbi tílẹ̀ bá ti ń ṣú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká lọ sun ìta.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Ẹ kú ìmúra, ma. Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ tẹ́ ẹ mú, torí ọkàn mi ò gbà á. 25 oṣù Keje kì í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ nìkan níbẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi ni fún gbogbo agbègbè Galicia. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n máa ń yin iná aláràbarà lójúde kàtídírà, èrò á sì ti gbogbo Sípéènì ya wọ ìlú náà, àwọn tó rìn àti àwọn tí kò rìn. Ẹ wá fi ti Ọdún Mímọ́ lé e. Lọ́dún 2024, tí kì í ṣe Ọdún Mímọ́ rárá, àwọn tó gba Compostela, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn rin ọ̀nà náà dé ibẹ̀, sún mọ́ 500,000, bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn ló sì bẹ̀rẹ̀ láti Sarria tẹ́ ẹ̀yin náà fẹ́ gbà yìí.

Ilẹ̀kùn Mímọ́ kàtídírà náà, tí arìnrìn-àjò ń gbà wọlé ní Ọdún Mímọ́, kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí i. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún tó ṣáájú ni wọ́n máa ń ṣí i, á sì wà ní ṣíṣí jálẹ̀ Ọdún Mímọ́ náà. Oore ìdáríjì tẹ́ ẹ̀ ń wá lọ kò ní fi bín-ín-tín dín kù tó bá jẹ́ ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá lẹ débẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé oṣù Keje ni dandan nítorí ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ariwo àjọ̀dún rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ìlú. Ibi tẹ́ ẹ ó sùn ní Santiago ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, kẹ́ ẹ wá máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn títí dé Sarria. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù nìyí: ẹ má sùn níbi tí gbogbo ayé ń sùn. Ìwé atọ́nà tí èèyàn púpọ̀ ń lò pín ọ̀nà yẹn sí márùn-ún. Sarria sí Portomarín, Portomarín sí Palas de Rei, Palas sí Arzúa, Arzúa sí O Pedrouzo, O Pedrouzo sí Santiago. Gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ lé e, ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń wá ibùsùn sí lálẹ́ kan náà. Ẹ wo Portomarín. Ẹ ó ti rin kìlómítà 22, ẹ ó gba orí afárá gígùn kọjá odò Miño, àtẹ̀gùn olókùúta kan á tún dojú kọ yín kẹ́ ẹ tó wọ ìlú. Kẹ́ ẹ gùn ún tán pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti wú, kẹ́ ẹ máa ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, kẹ́ ẹ sì máa rí bébà tí wọ́n kọ COMPLETO sí lára ilẹ̀kùn. Ó ti kún nìyẹn. Ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ń dúró de dáńfó ní CMS lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́: ọkọ̀ ń kọjá, ọ̀kankan ò láyè.

Àwọn abúlé tó wà láàárín ni kẹ́ ẹ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ dúró ní Morgade tàbí Ferreiros, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 13 láti Sarria. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó gba Portomarín kọjá ní ọ̀sán, ẹ ó jẹun níbẹ̀, ẹ ó wo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tú ní òkúta-òkúta gbé gòkè nígbà tí omi adágún fẹ́ bo ìlú àtijọ́, ẹ ó sì tẹ̀ síwájú dé Gonzar. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ kọjá Palas díẹ̀, ẹ sùn ní San Xulián. Lẹ́yìn ìyẹn, Boente, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ìlú Melide. Lẹ́yìn ìyẹn, Salceda. Lẹ́yìn ìyẹn, Lavacolla, tí kò ju kìlómítà 10 sí Santiago mọ́, kẹ́ ẹ lè dé kàtídírà láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì bá Máàsì àwọn arìnrìn-àjò ti aago méjìlá ọ̀sán. Ọjọ́ méje nìyẹn dípò márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò ní ju kìlómítà 17 sí 20 lọ, á rọ ìyá wa tí orúnkún ń yọ lẹ́nu lọ́rùn, ibùsùn á sì rọrùn láti rí. Àwọn abúlé yẹn kéré, ilé tí wọ́n ń sùn sí níbẹ̀ kò pọ̀, torí náà ẹ gba ti yín sílẹ̀ ṣáájú. Àmọ́ ẹni tó ń du ibẹ̀ kò tó ìdajì tàwọn tó ń du Portomarín.

Àǹtí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Ẹ kú àlàyé, ọmọ Pópó. Mo fẹ́ fi ti físà kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa fi yàtọ̀ sí ti ará Jámánì tàbí ará Faransé. Àwọn yẹn lè kó àpò sẹ́yìn kí wọ́n máa lọ, ibi tílẹ̀ bá ṣú sí ni wọ́n sùn. Àwa tá à ń ti Èkó lọ gbọ́dọ̀ fi ibi tá a máa sùn hàn, láti alẹ́ tá a bá dé títí dé alẹ́ tá a máa kúrò.

Torí náà, ìbéèrè yín, ṣé kẹ́ ẹ gbà á láti Èkó, ó ti ní ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbà á. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi ìwé físà Schengen sílẹ̀ kó tó ku oṣù mẹ́fà sí ìrìnàjò, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ku dín ní ọjọ́ 15. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò, ẹ sì nílò inṣọ́ránsì ìlera tó tó 30,000 yúrò ó kéré tán. Yàrá tẹ́ ẹ ń wá fún oṣù Keje Ọdún Mímọ́ kò ní dúró dè yín di ìgbà tí físà bá jáde. Kí ló kù? Ẹ gba èyí tó ṣeé fagi lé láìsan owó títí di ìwọ̀nba ọjọ́ ṣáájú. Ẹ ka ọjọ́ tí àǹfààní yẹn máa dópin fún ilé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan.

Kí orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan wà lórí ìwé yàrá o. Tó bá jẹ́ orúkọ ìyá kan ṣoṣo lẹ fi gba yàrá ẹni mẹ́fà, márùn-ún nínú yín ò ní rí nǹkan fi hàn. Ẹ kọ sí onílé náà, kí ó tò gbogbo yín síbẹ̀ bí orúkọ ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní òun á ṣe ìwé yàrá fún yín tí kì í ṣe òótọ́, tàbí ẹni tó ní kẹ́ ẹ fagi lé gbogbo rẹ̀ ní kété tí físà bá ti jáde. Wọ́n lè gba físà padà lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n sì lè bi yín ní pápákọ̀ òfurufú pé ibo lẹ̀ ń lọ sùn. Ìrìnàjò sí ibi mímọ́ kò yẹ kó fi irọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè pààrọ̀ ilé kan sí òmíràn, ìyẹn ò burú, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ọ̀nà kan náà lẹ̀ ń tọ̀. Ẹ ní kí fadá yín kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé ìrìnàjò náà, ẹ fi sí i.

Bọ̀dá Yábàá

Mo gbà pẹ̀lú àwọn àgbà, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù ba ẹni tí kò lówó púpọ̀ tó bá ń ka èyí. Albergue ìjọba, ìyẹn ilé tí àwọn arìnrìn-àjò jọ ń sùn sí, ṣì wà. Ní Galicia, ìjọba agbègbè náà ló ni púpọ̀ nínú wọn, ibùsùn kan kò ju nǹkan bí 10 yúrò lọ. Wọn kì í gba ìpè, wọn kì í fi ibùsùn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ gbà.

Aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ oṣù Keje, nígbà tí aago méjìlá bá fi lù, ẹ ó rí báàgì tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lẹ́bàá ògiri láti ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ni wọ́n á wà lábẹ́ ìbòòji igi, wọ́n á ti bọ́ bàtà. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, alábòójútó á wo pásípọ́ọ̀tù yín, á lu òǹtẹ̀ sí ìwé arìnrìn-àjò yín, á gbé aṣọ ibùsùn bébà àti ti ìrọ̀rí lé yín lọ́wọ́, á sì sọ nọ́ńbà ibùsùn yín fún yín. Tí ẹ ò bá ní ìwé yẹn, tí wọ́n ń pè ní credencial, wọn ò ní gbà yín wọlé. Ẹ lè gbà á ní Sarria. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, aago mẹ́jọ àárọ̀ ẹ gbọ́dọ̀ ti jáde. Alẹ́ kan ṣoṣo ni, àfi tára ẹnì kan ò bá yá. Ẹ ó rí ilé ìdáná níbẹ̀, àmọ́ ìkòkò kì í sábà sí, torí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ ó se ọbẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú wọn ni Ribadiso, kìlómítà mẹ́ta ṣáájú Arzúa. Ilé àtijọ́ olókùúta létí odò, tí wọ́n ti ń gba arìnrìn-àjò sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ó rí àwọn èèyàn tó jókòó sórí òkúta, tí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ inú omi tútù yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ti ìjọba ní oṣù Keje gbọ́dọ̀ jáde kílẹ̀ tó mọ́. Ìyá Ẹgbẹ́, mi ò ní kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e fún ibùsùn yín, ẹ̀yin mẹ́fà pẹ̀lú àgbà láàárín yín. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnì kan gba ibùsùn de ẹnì kejì tí kò tíì dé, ẹ ò sì ní fẹ́ fi ìyá wa sílẹ̀ lẹ́yìn kẹ́ ẹ lè sáré lọ du àyè. Ẹ kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni, tí ọ̀rọ̀ bá yí padà.

Ìyá Ẹgbẹ́ Sùúrùlérè

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ka èyí sétí ìgbọ́ àwọn yòókù, wọ́n sì ti ń rọra gbà pé kì í ṣe dandan ká débẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé ẹnì kan wà tó lè bá wa gbé ẹrù? Báwo la ṣe máa rí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ fún ìyá wa?

Ìyá Ìbejì Fẹ́sítáàkì

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Àwọn tó ń gbé ẹrù pọ̀. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Sípéènì fúnra rẹ̀ ń ṣe é, Paq Mochila ni wọ́n ń pè é, àwọn aládàáni náà sì wà. Ẹ ó so ìwé pẹlẹbẹ mọ́ báàgì, ẹ ó kọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn lálẹ́ sí i, ẹ ó fi í sílẹ̀ níbi àbáwọlé láàárọ̀. Ìwọ̀nba yúrò ni fún báàgì kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: albergue ìjọba kì í gba báàgì tí ọkọ̀ gbé wá. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù òun ti gbọ́dọ̀ ní yàrá tàbí ibùsùn tó ti gbà sílẹ̀ níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹrù àti ọ̀rọ̀ ibùsùn, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ti bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, ẹ má kàn gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ilé náà ní èdè Sípéènì. Fóònù yín á bá yín túmọ̀ rẹ̀. Cama abajo ni bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ orí ìyá náà sí i, ẹ mẹ́nu kan orúnkún rẹ̀. Àwọn èèyàn ibẹ̀ láàánú, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sórí ibùsùn náà dè é. Ọ̀pọ̀ àwọn ilé kéékèèké yẹn gan-an ni kì í kó gbogbo ibùsùn wọn sórí Booking.com. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ní ó kún, ẹ pè wọ́n, ẹ ó rí i pé àyè ṣì wà.

Tí owó bá gbà á, kí ìyá wa máa sùn ní pensión, ìyẹn ilé àlejò kékeré, ní alẹ́ kan sí méjì láàárín, nínú yàrá ẹni méjì, pẹ̀lú ẹnì kan nínú yín. Ìhanrun àwọn ẹlòmíràn kì í jẹ́ kí àgbà sinmi. Ẹ fi òwú dí etí. Tẹ́ ẹ bá ti wọ yàrá, ẹ má gbé báàgì lé orí ibùsùn. Ẹ kọ́kọ́ gbé etí fóòmù sókè, kẹ́ ẹ fi iná fóònù wo ojú ìrán rẹ̀ bóyá ìdun wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tó tò bíńtín-bíńtín lẹ ó rí tó bá wà. Ẹ béèrè yàrá míì kíákíá.

Owó náà ńkọ́? Àwọn ilé abúlé kan, owó ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà. Káàdì tó so mọ́ àkáǹtì dọmisílíárì yín ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kẹ́ ẹ máa fa owó jáde ní Sarria, Portomarín, Palas, Melide àti Arzúa, torí ẹ̀rọ tó ń pọ owó ṣọ̀wọ́n láàárín.

Alágbà Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọpọlọ. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Sarria nìkan ni ọ̀nà. Kìlómítà 100 ní ẹsẹ̀ ni ìjọ béèrè kí wọ́n tó fúnni ní Compostela. Wọn ò sọ pé ọ̀nà kan pàtó ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Camino Inglés, láti Ferrol, gùn tó bẹ́ẹ̀ ó sì lé díẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ń gbà látijọ́. Pontedeume àti Betanzos wà lójú ọ̀nà náà, ìlú tó dùn-ún wò. Èrò ibẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sarria.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ilé tí wọ́n ń sùn sí kò pọ̀ níbẹ̀, òkè sì wà. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin mẹ́fà gbọ́dọ̀ ti gba ti yín sílẹ̀, kí ẹ sì ti fi ẹsẹ̀ yín kọ́ òkè. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé 25 oṣù Keje ni kò ṣeé yí padà, ọ̀nà yẹn ni mo ní kẹ́ ẹ gbà, kó lè jẹ́ pé Santiago nìkan lẹ máa du ibùsùn ní. Ní Santiago, ilé ńlá tó ń jẹ́ Seminario Menor wà níbẹ̀, ibùsùn rẹ̀ pọ̀, ó sì ní yàrá ẹni kan. Monte do Gozo náà, nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún ṣáájú ìlú, gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Wọ́n máa ń kún kẹ́yìn.

Ìyá Ẹgbẹ́ Sùúrùlérè

A dúpẹ́, Alágbà. A ti jókòó sọ ọ́. Ìyá wa ní òun fẹ́ gba Sarria, torí abúlé pọ̀ lójú ọ̀nà náà, tí orúnkún bá yọ òun lẹ́nu òun á lè dúró níbikíbi. Ìparí oṣù Kẹsàn-án la ti mú. A ó tẹ̀ lé ọjọ́ méje ti ọmọ Pópó.

Ẹ dákun, ohun kan ṣoṣo ṣì ń bà mí lẹ́rù. Tí ó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí ilé tá a gbà bá ní àwọn ò rí orúkọ wa ńkọ́?

Ọmọ Pópó Àgùdà

Oṣù Kẹsàn-án dáa púpọ̀, ma, àmọ́ ẹ má rò pé èrò á ti tán nígbà yẹn. Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án ni àwọn tó ń ti òkè òkun wá fẹ́ràn jù. Èrò kàn ò ní pọ̀ tó ti oṣù Keje ni.

Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ìwé tẹ́ ẹ fi gbà á hàn wọ́n, ẹ má bínú sí wọn, kẹ́ ẹ ní kí onílé náà bá yín pe ilé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n mọ ara wọn, ìpè kan láti ẹnu rẹ̀ ju mẹ́wàá láti ẹnu yín lọ. Tí abúlé náà bá ti kún pátápátá, takisí á gbé yín lọ sí Lugo tàbí ìlú mìíràn tó bá sún mọ́ yín. Ẹ sùn níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó gbé yín padà sí ojú ibi tẹ́ ẹ ti kúrò gan-an, kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín má fo kìlómítà kankan. Ẹ sì rí i pé òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ ò yẹ̀ lórí ìwé yín. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé oúnjẹ, albergue, gbogbo wọn ló ń lù ú.

Ìyá Ìbejì Fẹ́sítáàkì

Kí n tó gbàgbé: ẹ ra síìmù Sípéènì ní kété tẹ́ ẹ bá dé Madrid, pásípọ́ọ̀tù lẹ ó fi rà á. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń pè láàárọ̀ ọjọ́ náà láti mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń bọ̀, wọ́n sì lè fún ẹlòmíràn ní ibùsùn tí wọ́n ò bá rí yín bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ní nọ́ńbà tuntun náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tẹ́ ẹ ti gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ aago tẹ́ ẹ ó dé fún wọn.